Ọdẹ́gbàmí Etí-Kì-í-Sùn àti Abẹ́rẹ́ Tó Ń Wọn Èémí Ọkọ̀

Ẹ jókòó dáadáa! Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sórí ìdí tí ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí Àdìgún, Etí-Kì-í-Sùn, ọdẹ tó ń gbọ́ ikọ́ èèrà láti òdìkejì odò. Ìgalà kò lè mí nínú igbó kí n má mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Bí ìgbín bá ń yọ́ rìn lẹ́yìn ilé yín, èmi ni kí ẹ wá bi léèrè ibi tó ń lọ. Ohunkóhun tó bá ń mí, etí mi kò lè pàdánù èémí rẹ̀ láéláé. Ọjọ́ tí èémí kan bá dáwọ́ dúró níbi tí mo wà tí n kò sì mọ̀, ẹ gba ìbọn lọ́wọ́ mi, kí ẹ fi gún iyán!

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn ní ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé ọdẹ, lábẹ́ igi ọ̀dán tó wà níwájú ilé mi. Ogójì ọdẹ ló pésẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ti Arógunmásàá, ọkọ̀ mi àtijọ́, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti púpọ̀ nínú wọn lọ. Mo ti sítáàtì rẹ̀ kí wọ́n tó dé, mo sì fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan róbótó kan tó wà níwájú àga awakọ̀, tó dà bí ojú aago, tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀.

"Gééjì ni à ń pè é," ni mo wí. "Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ."

Ọdẹ́yalé, ọ̀dọ́ ọdẹ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn parí gbólóhùn, ké láti ẹ̀yìn: "Bàbá, ẹ sọ ọ́ kó yá, ebi ń pa wá."

"Ebi tó ń pa ọ́ yìí ti wà lára rẹ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ. Dákẹ́ kí o gbọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì mú ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ igbó, ẹ mọ Ìbíyẹmí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí ìyá wa kú. Òun ló pọ̀n mí dàgbà. Òun ló ń jẹ èyí tó jóná sí ìdí ìkòkò kí n lè jẹ èyí tó wà lókè. Ní ọdún tó kọjá, nǹkan bí ìkùukùu bò ó lójú, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa aṣọ bo fèrèsé, títí ó fi di pé ó ń fi ọwọ́ pa ojú mi kó tó mọ̀ pé èmi ni. Ní ọjọ́ kan, ó ní, "Àdìgún, kì í ṣe òkùnkùn ló ń dùn mí. Ojú rẹ ni mo ń gbàgbé."

Mo ti pa ẹfọ̀n rí, n kò sunkún. Ẹfọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí rí, n kò sunkún. Ní ọjọ́ yẹn, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sì ṣàlàyé fún ewúrẹ́ pé èéfín ló kó sí mi lójú.

Arìnrìn-àjò kan ló sọ fún mi pé ìsun omi kan ń bẹ ní Ìlú Elétí, lẹ́yìn Igbó Agbèémí. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá fọ́, tó bá fi omi náà bọ́jú, á ríran. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a bá ti bu omi náà, ọjọ́ mẹ́ta péré ni agbára rẹ̀ ní. Bí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ kẹta, ó di omi tí à ń fi ṣan ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn á lo oṣù kan gbáko. Ọkọ̀ nìkan ló lè ṣe é, Arógunmásàá sì ni ọkọ̀ kan ṣoṣo tí mo ní, ọkọ̀ tí kò dé oko rí kó má kú lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà.

Mo gbé e lọ bá Rẹ̀mílẹ́kún, obìnrin mẹkáníìkì tó wà ní oríta, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Ó so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó fa orí kejì rẹ̀ wá sọ́dọ̀ awakọ̀, ó fi í bọ ìdí gééjì yìí.

Ó ní, "Bàbá ọdẹ, ọmọ ọwọ́ ni ẹ́ńjìnì. Bí ọmọ ṣe ń fa ọmú ló ń fa afẹ́fẹ́. Gééjì yìí ló ń sọ bó ṣe ń fà á tó. Bí ọkọ̀ bá dúró tó ń ṣiṣẹ́, tí ẹ kò fi ẹsẹ̀ tẹ iná, tí abẹ́rẹ́ wà ní nǹkan bí ogún tí kò mì, ara ọmọ le. Bó bá lọ sílẹ̀ tó sì dúró pa síbẹ̀, ó ń gba ibòmíràn fa afẹ́fẹ́ nìyẹn, ẹ wá ihò. Bó bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tí ẹ tẹ iná díẹ̀ tó wá ń rọra wálẹ̀, ìdí ló dí, èéfín kò rí ọ̀nà jáde. Bí ẹ bá sì wà lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ga, epo á pẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí fìlà fi fẹ́ẹ̀ bọ́ lórí mi. "Rẹ̀mílẹ́kún, ìwọ ọmọ yìí! Èmi tí mò ń gbọ́ ikọ́ èèrà, abẹ́rẹ́ ni yóò wá sọ fún mi pé ọkọ̀ tí mo jókòó sínú rẹ̀ ń ṣàìsàn?"

"Ẹ kú etí, Bàbá," ni ó wí. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ pé ẹ ti ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti dé?"

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mo ṣí fìlà mi, mo fi dé gééjì náà mọ́lẹ̀ kó má baà máa wò mí, mo sì kọrí sí igbó.

Igbó Agbèémí! Àwọn igi ibẹ̀ ń mí sókè sódò bí ìyá tó ń rọbí, ewé wọn ń fọn imú. Kò pẹ́ tí a wọ inú rẹ̀ ni mo gbọ́: "Ṣííííí." Ẹ̀yin ọdẹ, kí ni òfin wa? Bí ohun tí o kò rí bá súfèé sí ọ nínú igbó ẹbọra, o kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, o kò gbọdọ̀ dáhùn, o kò gbọdọ̀ dúró. Mo di ojú mọ́ iwájú. "Ṣííííí." Mo ní ẹbọra yìí kò mọ irú ẹni tó ń bá ṣeré. Ọjọ́ kan gbáko ni nǹkan náà fi ń pè mí, ọjọ́ kan gbáko ni mo fi ṣe akọni tí kò dáhùn. Arógunmásàá ń gbọ̀n, mo ní ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń wúkọ́, mo ní òtútù ni. Nígbà tí a dé ìdí òkè kékeré kan, tí àgbébọ̀ adìẹ lè gùn pẹ̀lú ọmọ mẹ́wàá lẹ́yìn, ọkọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó dúró, ó ń gbọ̀n bí arúgbó tí iba mú.

Níbẹ̀ ni Onímú-Méje ti jáde. Iwin náà ga bí ọ̀pẹ méjì tí a tò lé ara wọn. Imú méje tò sójú rẹ̀: mẹ́ta ń mí sínú, mẹ́ta ń mí síta, ikun ń dà nínú ìkeje. Ohun tí èémí bá tán lára rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀.

"Ọdẹ," ó ní, "ọkọ̀ rẹ fẹ́ kú. Bó bá kú, mo jẹ ẹ́. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, ìwọ ni màá fi panu."

"Ẹ ṣàánú mi, Bàbá Iwin. Omi ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ bù."

"Èmi náà ní ẹ̀gbọ́n. Jẹ́ kí n pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o bá já a, máa lọ. Kí ni ó ń fa nǹkan láìní ọwọ́? Bí ẹnu rẹ̀ bá là, agbára rẹ̀ a tán. Bí ẹnu rẹ̀ bá pa dé, agbára rẹ̀ a pọ̀."

"Odò," ni mo wí.

"Rárá." Ó bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Àna mi obìnrin."

"Rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù." Ó ń wọ́n iyọ̀ náà sí orí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Mo fẹ́ ṣí fìlà kí n fi bẹ̀ ẹ́. Mo gbé ọwọ́ sórí, orí lásán ni mo bá! Mo wá rántí ibi tí fìlà wà. Mo na ọwọ́ wọ inú ọkọ̀, mo fà á kúrò lójú gééjì, abẹ́rẹ́ náà sì wò mí. Méjìlá. Kò gbọ̀n, kò mì, ó dúró gbagidi bí àna tó ń retí ìyàwó. Ohùn Rẹ̀mílẹ́kún bá sọ sí mi lọ́kàn: ó ń gba ibòmíràn fa afẹ́fẹ́, ẹ wá ihò.

"Ṣííííí!"

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ mọ ẹbọra tí mò ń fi ọgbọ́n àgbà yẹra fún láti àárọ̀? Rọ́bà tó là ni! Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà afẹ́fẹ́ kan tó nípọn bí àtàǹpàkò ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń mu afẹ́fẹ́ igbó. Mo gé lára awọ tí mo fi ń gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo fi dì í pinpin. Ìpòṣé náà dákẹ́. Abẹ́rẹ́ gbéra: mẹ́rìnlá, mẹ́rìndínlógún, ó dé mọ́kàndínlógún, ó dúró. Arógunmásàá dẹ́kun gbígbọ̀n. Inú mi dùn, mo bọ́ sínú ọkọ̀, mo tẹ iná gbàmù, abẹ́rẹ́ ṣubú sí òdo. Mo gbé ẹsẹ̀, ó fò sókè kọjá ogún, ó sì padà sí àyè rẹ̀.

Ojú mi là kí ti ẹ̀gbọ́n mi tó là.

"Ẹ́ńjìnì ni!" ni mo ké. "Bí mo bá tẹ iná, ẹnu rẹ̀ là, agbára tó fi ń fa nǹkan a tán. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé, agbára náà a pọ̀!"

Onímú-Méje gbọn iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ gééjì náà fún ìgbà pípẹ́, gbogbo imú rẹ̀ sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ohun kékeré báyìí," ó ní, "tó ń sọ òtítọ́ láìgbé ohùn sókè. Nínú igbó yìí, n kò tíì rí irú rẹ̀ rí." Ó wá nà ró. "Ọdẹ, ìdáhùn méjì ni àlọ́ yẹn ní. Ìwọ fúnra rẹ ni ìkejì. Ṣùgbọ́n máa lọ."

"Bàbá," Ọdẹ́yalé já lu ọ̀rọ̀ mi, "kí ni iwin náà ní lọ́kàn?"

"Ó ń yìn mí ni," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ tẹ́tí sí bí Arógunmásàá ṣe ń mí lẹ́yìn mi níbí, ẹ̀yin tí ẹ ní etí ọdẹ!"

"À ń gbọ́ ọ o!" ni ogójì ọdẹ hó.

Ẹ jẹ́ ká dé Ìlú Elétí. Etí àwọn ènìyàn ibẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Bí òjò bá ń rọ̀, wọn a ká a borí. Bí oorun bá ń kùn wọ́n, wọn a tẹ́ ọ̀kan, wọn a fi ìkejì bora. Wọ́n ti gbọ́ ìró wa láti ìdajì ọ̀nà, gbogbo ìlú jáde, wọ́n sì ń fi etí lé ọkọ̀ mi lára.

"Púlọ́ọ̀gì ni," ni ẹnì kan wí.

"Ọ́ìlì ni," ni èkejì wí.

"Ẹ máa tan ara yín," ni ẹ̀kẹta wí. "Àárò ilé ló ń ṣe é."

Ọba wọn, Elétí, tí ènìyàn méjì ń bá a gbé etí, sọ fún mi pé, "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́ jù wá lọ nìkan ló ń bu omi ìlú yìí. Wá gbọ́ ọkọ̀ mi."

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọkọ̀ ọba ti wà lójú kan. Bí wọ́n bá sítáàtì rẹ̀, á dún dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á máa rọ, á sì kú. Ojoojúmọ́ ni ìgbìmọ̀ ń fi etí sí i. Wọ́n máa ń gbọ́ ohun kan tó ń ké "wíín-wíín" nínú rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀mí ọkọ̀ náà ni, wọ́n sì ń gbé ẹ̀pà kalẹ̀ fún un ní àràárọ̀. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹ̀mí náà ti jẹ ẹ́ tán.

Ẹ rò pé mo fi etí sí i? Ọdẹ kì í ti ẹsẹ̀ bọ pàkúté kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo tú gééjì mi, mo so ó mọ́ ọkọ̀ ọba. Wọ́n sítáàtì. Abẹ́rẹ́ dúró ní méjìdínlógún. Mo ní kí wọ́n tẹ iná díẹ̀ kí wọ́n dì í mú. Abẹ́rẹ́ ń rọra bọ̀ wálẹ̀: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́wàá, márùn-ún. Ọkọ̀ kú.

"Kábíyèsí," ni mo wí, "ìdí rẹ̀ ló dí."

Ìlú rẹ́rìn-ín. Mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú páìpù èéfín, mo gbóòórùn. Ha! Ihò yẹn, mo mọ onílé rẹ̀! Mo fi ìdí ìbọn gbá páìpù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Òkété kan yọrí, tó tóbi bí ajá. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn, àwọn àna sì tẹ̀ lé ọmọ. Lẹ́yìn náà ni èèpo ẹ̀pà ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tú jáde bí òjò yìnyín. A tún sítáàtì. Abẹ́rẹ́ lọ sí ogún, ó dúró bí ìràwọ̀.

Etí gbogbo ìlú rọ̀ wálẹ̀. Elétí wo òkété tó ń sá lọ, ó ní, "Ṣé ẹ̀mí tí à ń fún ní oúnjẹ nìyẹn?"

"Kábíyèsí, ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ó sanra."

Wọ́n bu omi náà fún mi sínú akèrègbè. Wọ́n fi ààfin lọ̀ mí pé kí n fi gééjì sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n gba irùngbọ̀n mi bí wọ́n bá fẹ́, nítorí ìyẹn á hù padà.

Ọjọ́ kìíní ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń fò lọ. N kò dé fìlà mọ́ abẹ́rẹ́ mọ́, òun ni mò ń wò ju ọ̀nà lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í gun Òkè Ìkùukùu, òkè tí a kò lè yà fún, tí fìlà bo abẹ́rẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gùn ún. Abẹ́rẹ́ bọ́ sí mẹ́tàdínlógún. Ó bọ́ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí a ṣe dé orí òkè, mo dúró, mo wò ó: mẹ́rìnlá! Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo ní rọ́bà ti là. Mo wá ihò, n kò rí. Mo ní ìdí ti dí. Mo tú páìpù, kò sí òkété. Mo tú èyí tó ṣeé tú, mo tú èyí tí kò ṣeé tú, mo tẹ́ ẹ́ńjìnì sórí koríko bí ẹni ń sá èlùbọ́. Ọjọ́ kejì lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo tò ó padà, nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ sì tún dúró ní mẹ́rìnlá. Mo gbé akèrègbè lé itan, mo rántí ọwọ́ Ìbíyẹmí lójú mi, mo sì ké.

Arúgbó obìnrin kan jáde láti inú ìkùukùu, irun rẹ̀ gan-an ni ìkùukùu náà. "Ọkọ mi," ó ní, "kí ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe tí o fi tú ìfun rẹ̀ kalẹ̀ ní ìta?"

"Ìyá, kò fa ọmú mọ́. Mẹ́rìnlá ló wà."

Ó rẹ́rìn-ín títí òjò fi kán. "Afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́. Ọmú gbẹ níbí, ọkọ mi, kí ni kí ọmọ fà? Gbé e sọ̀ kalẹ̀."

Mo sọ̀ kalẹ̀. N kò fọwọ́ kan nǹkankan. Mẹ́rìndínlógún. Méjìdínlógún. Ní ìsàlẹ̀ òkè, mọ́kàndínlógún! Abẹ́rẹ́ kò parọ́ rárá. Ó ń sọ òtítọ́ fún aláìgbọ́n ni.

Ọjọ́ kẹta wá dé. Oòrùn ń yí sí ìwọ̀, epo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọkàn mi ní kí n tẹ iná. Mo tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ wó sí òdo, mo sì mọ̀ pé epo ń dà lọ bí omi inú agbọ̀n. Mo ní rárá. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo wá ń tẹ iná bí ẹni ń tẹ ẹyin, n kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìjàpá kan fẹ́ yà wá sílẹ̀ lọ́nà, mo kí i, n kò bínú. Èmi Ọdẹ́gbàmí, tí kò gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu rí, ni mò ń gbọ́ràn sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Nígbà tí oòrùn kù bí èékánná lójú ọ̀run, a yí wọ agbolé yìí. Mo sáré wọlé, mo fi omi náà bọ́ ojú Ìbíyẹmí.

Ó ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Ó di ojú mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó ń wò mí.

"Àdìgún," ó ní, "ta ló gbé ojú bàbá wa wọ̀ ọ́?"

Ewúrẹ́ tún rí mi lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe parí ìtàn nìyẹn, ariwo sọ lábẹ́ igi ọ̀dán. Wọ́n ju fìlà sókè. Àwọn tí kò ní ọkọ̀ pàápàá búra pé àwọn á ra gééjì. Mo dìde, mo na ọwọ́ sí Arógunmásàá, mo sì ki abẹ́rẹ́ náà:

"Abẹ́rẹ́ tí kò rán aṣọ tó ń rán ẹ̀mí,
Olóòótọ́ tí kò ní ẹnu,
A-wo-inú-irin-bí-ẹni-wo-omi,
Ìwọ lo bá mi gbé ojú ẹ̀gbọ́n mi padà wálé!"

Omi lé sí àgbà ọdẹ lójú. Ọdẹ́yalé fi etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di ojú, ó mi orí. "Ẹ gbọ́ ọ!" ó ní. "Ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí epo nínú agbada! Bàbá, ọkọ̀ yìí le!"

"Láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí ni mo ti ń gbọ́ ọ," ni mo wí. "Etí mi kò kúrò lára rẹ̀ bí ó ti wù kó kéré."

"Àwa náà ń gbọ́ ọ!" ni gbogbo ọdẹ wí, wọ́n sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbádùn rẹ̀.

Ìbíyẹmí ń gbé omi mímu bọ̀ fún wa nígbà náà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó wo inú láti ojú fèrèsé.

"Òdo ni abẹ́rẹ́ wà," ó ní. "Ọkọ̀ yìí ti kú tipẹ́."